Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò kan ní Òkè-Àdó, àti bàbá tí kò fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún mi

Bí ènìyàn bá wọ Máíkírà ní Dùgbẹ̀, tí ó gba Òkè-Bọ́lá kọjá, tí ó sì sọ̀ ní Òkè-Àdó kí ọkọ̀ tó dé ìyànà pápá ìṣeré Liberty, èyí tí ó ti di pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, yóò rí ìlà ṣọ́ọ̀bù kan tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó kángun sí obìnrin tí ń dín dùńdún. Kò ní pátákó orúkọ. Ojú rédíò àtijọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ férémù ilẹ̀kùn ni àmì rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń pe ẹni tí ó ni ín ní Àáfà Onírédíò. Mo ti lọ síbẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ láàárín oṣù mẹ́rin. Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo ti rí ìwà rẹ̀, mo sì ti rí àléébù rẹ̀, débi pé mo lè sọ fún ẹni tí ó ní rédíò àtijọ́ nílé bóyá kí ó gbé e tọ̀ ọ́ lọ.

Rédíò tí mo gbé lọ kì í ṣe tèmi, ó sì yẹ kí n sọ ti ẹni tí ó jẹ́, nítorí pé bí kì í bá ṣe ti ẹni náà ni, n kò bá má ti ṣàkíyèsí ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi ni ó ni ín. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá kí ó tó fẹ̀yìn tì, nídìí àkọsílẹ̀ ẹrù ní Dùgbẹ̀. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ ti Èkó wọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ń sọ ìtàn náà, ènìyàn yóò rò pé òun gan-an ni ó wà á wọlé. Ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ka àpò kòkó tí ó sì fi ń kọ wọ́n sílẹ̀ kì í gba ohun tí a kàn fi ẹnu sọ gbọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un nílé rẹ̀ lẹ́yìn Gbọ̀ngàn Màpó, kò tíì ní kí n dìde tí ó fi béèrè pé, “Isẹ́ wo lò ń se?” Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, kò sí ṣ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tókọ́pì ni, ní Sánńgò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ Pólì, pé ìdá kan nínú ohun tí mo bá tẹ̀ ni ọ̀gá mi ń fún mi. Ó ní, “Bí àwọn ọmọ iléèwé bá gba ìsinmi ńkọ́?” Ẹnu mi wọlé. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ níṣojú mi, ó ní ọkọ̀ ojú irin tí kò ní àkókò, ẹnìkan kì í dúró dè é.

Kò bú mi, kò sì lé mi jáde. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wá, yóò dáhùn ìkíni mi, yóò sì máa bá ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọdún méjì àti díẹ̀ ni a fi wà bẹ́ẹ̀.

Rédíò Grundig ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, onípákó, tí bọ́tìnnì rẹ̀ funfun bí eyín. Àwọn tí kì í ṣe ará Ìbàdàn lè má mọ ohun tí rédíò jẹ́ fún àwọn àgbà ìlú yìí. Láti 1939 ni wọ́n ti ń fa wáyà Rediffusion wọ ilé àwọn ènìyàn níbí, tí àpótí kékeré orí ògiri ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè dá a lóhùn. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìlú yìí náà ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 31 Oṣù Kẹwàá, 1959, tí rédíò WNBS sì bá a rìn. Ọmọ kékeré ni Bàbá nígbà yẹn. Títí di òní, Àmúlùdùn ní 99.1 ni ó máa ń gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́, Rédíò Ọ̀yọ́ ní àárọ̀. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ń rọ̀, rédíò náà dákẹ́. Àfẹ́sọ́nà mi ra kékeré kan tí ń lo bátìrì fún un, ṣùgbọ́n ó ní ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n di imú rẹ̀ mú. Bí ó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó síwájú Grundig tí kò sọ̀rọ̀, yóò fi aṣọ nu ojú rẹ̀, yóò sì dìde.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbé e lọ fún àtúnṣe. Ó wò mí, ó wo rédíò. Ó ní, “Gbé e. Sùgbọ́n bí o bá bà á jẹ́, mo mọ ohun tí mo máa fi ọ́ se.”

Ọ̀dọ̀ Àáfà kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, n kò sì ní dárúkọ ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún tàbí àdúgbò rẹ̀. Ó gba ₦6,000 lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo sì padà wá, rédíò ti ń sọ̀rọ̀. Mo gbé e dé Màpó bí ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ. Bàbá tẹ bọ́tìnnì, ó dẹtí sílẹ̀, ó ní, “Ohùn rẹ̀ kọ́ nìyí.” Èmi rò pé ó kàn ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni ó sáré yọ ọ́ nídìí iná, òun náà ni ó ràn mí lọ́wọ́ láti tún un gbé jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, kí Bàbá tó jí. Ẹnìkan tí ó wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ wa ní Sánńgò ni ó júwe Òkè-Àdó fún mi.

Àáfà kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé rédíò sórí tábìlì, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì tan iná sí i rárá. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi imú gbóòórùn inú rẹ̀, láti apá òsì dé apá ọ̀tún, bí ẹni tí ń wá ibi tí eku kú sí. Lẹ́yìn náà ni ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí sípíkà, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Àpá ìdè mẹ́rin wà lára pákó, wọ́n sì ṣófo. Láàárín wọn, igi náà mọ́ roboto, ó funfun ju ibi tó yí i ká lọ, níbi tí ohun kan tí ó tóbi ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún tí eruku kò fi lè débẹ̀. Sípíkà pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n fi ṣìgọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ àárín ibẹ̀ ni ó kù. Ó ní, “Wọ́n ti yọ tirẹ̀ lọ. Ta ló ni rédíò yìí?” Mo ní bàbá ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìdè padà sẹ́yìn rédíò. Ó ní òun kì í tú rédíò tí ẹni tí ó ni ín kò mọ ohun tí ó ṣe é, pé kí n lọ sọ fún Bàbá, bí Bàbá bá sì ní kí òun tún un ṣe, kí n gbé e padà wá.

Inú bí mi. Mo ti na owó ọkọ̀, mo ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, òjò sì ń ṣú. Oníbàárà mìíràn lè ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí agídí, n kò sì ní dá a lẹ́bi bí ó bá gbé rédíò rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí mo lè gbé tèmi lọ. Mo dé Màpó nírọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀, n kò tilẹ̀ rántí pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ó tọ́ sí mi, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún Bàbá: owó tí mo san, èéfín, bí mo ṣe yọ́ gbé e jáde, àti sípíkà tí wọ́n jí. N kò fi orúkọ ìyá sí i. Bàbá dákẹ́ títí. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, “Mo sọ fún ọ pé ohùn rẹ̀ kọ́.” Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ gba sípíkà òun wá.

Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ yẹn kí ó tó yọ sípíkà náà fún mi nínú náílọ́ọ̀nù dúdú. Owó mi kò padà. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

Nípa iṣẹ́ ọwọ́ Àáfà, n kò lè fi ẹnu pọ́n ọn ju bí ó ṣe tọ́ lọ, nítorí pé mo jókòó tì í fún odidi Sátidé méjì tí mo sì ń wò ó. Ohun tí ó kọ́kọ́ pa Grundig náà kò ju kàpásítọ̀ lọ, ìyẹn àwọn ohun roboto tí ń gba iná dúró, tí omi inú wọn máa ń gbẹ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, yálà a lo rédíò ni o tàbí a kò lò ó. Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ ẹyọ kan, ó sì fi èyí tí agbára rẹ̀ kò tó iná inú rẹ̀ sí i. Ìdí èéfín nìyẹn. Àáfà pààrọ̀ mẹ́sàn-án. Kì í kánjú yọ́ òjé. Yóò gbé irin gbígbóná sí ìdí wáyà, yóò dúró, yóò wá fi òjé kàn án, òjé yóò sì ṣàn yí wáyà ká títí yóò fi ń dán bí ojú ẹja tútù. Èyí tí kò bá dán, yóò yọ́ ọ kúrò, yóò tún un ṣe. Okùn tín-ín-rín tí ń wọ́ abẹ́rẹ́ ìtọ́ka lójú rédíò ti já, ó fi òwú líle tí ó fi ìda pa lára rọ́pò rẹ̀, ó sì yí i mọ́ àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ní ìgbà márùn-ún kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bọ́tìnnì tí a fi ń gbé ohùn sókè, tí ó máa ń há gàràgàrà, kò pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi sípíríìtì fọ inú rẹ̀. Ó ní ohun tí eruku ṣe, kí ènìyàn má fi owó tún un ṣe.

Ohun kan wà tí ó sọ fún mi kí ó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ní irú rédíò bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ṣe ní Jámánì láyé àtijọ́, FM wọn kò kọjá 104. Nítorí náà, Premier tí ó wà ní 93.5 yóò wọlé, Àmúlùdùn yóò wọlé, ṣùgbọ́n Splash tí ó wà ní 105.5 àti Fresh tí ó wà ní 105.9 kò ní sí níbẹ̀, bí ènìyàn tilẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn. Ó ní àwọn kan máa ń fi ìṣó tú ìdí rẹ̀ kí ó lè dé òkè, pé tòun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà ojú rédíò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́.

Iye rẹ̀ jẹ́ ₦18,500. N kò ní in. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, ó sì ní kí n san án díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n fúnra mi dá ọjọ́. Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì, ìwé olójú-ewé 80 tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, tí ó ti fi páálí di ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú òsì ni ó ń kọ ohun tí ó rà àti iye rẹ̀ sí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí kan sípíríìtì àti òwú. Ojú ọ̀tún ni ó ń kọ owó tí oníbàárà san sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dá àti ọjọ́ tí ó mú un wá. Oníbàárà yóò sì buwọ́ lu ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo dá Sátidé mẹ́ta: ₦8,000, ₦5,000 àti ₦5,500. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ó fẹ́ ṣòro, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìsinmi gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Mo ta bàtà mi kan. Ọjọ́ tí mo dá ni mo mú un lọ.

Àléébù ṣọ́ọ̀bù náà kò kéré. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sọ fún mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó gbà, kì í sì í gbé fóònù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ dé gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Kò sí ibi ìjókòó ju kéèsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí a dojú rẹ̀ dé. Èéfín dùńdún máa ń wọlé, aṣọ mi sì gba òórùn òróró lọ sílé lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ó fi fánísì kun ẹ̀gbẹ́ kan lára pákó rédíò láìbéèrè, àwọ̀ rẹ̀ kò sì bá ìyókù mu. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní òun fi ta mí lọ́rẹ ni. Iṣẹ́ iná ni kí ẹ gbé lọ fún un. Ti igi, ẹ wá káfíńtà lọ.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé Màpó, mo gbé e sí ipò rẹ̀, mo kì í mọ́ iná, mo sì bọ́ sẹ́yìn. Bàbá fi ìka yí abẹ́rẹ́ lọ sí 99.1 láìwò ó. Ohùn náà jáde láti ìsàlẹ̀, ó kún, àwo tí ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sì gbọ̀n díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó gbọ́ ìròyìn tán, ó gbọ́ ìkéde òkú tán, kí ó tó béèrè ibi tí àwọn èyí tí wọ́n yọ kúrò wà. Àáfà máa ń di wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù fún oníbàárà, mo sì mú un wá. Bàbá dà wọ́n sórí tírè, ó kà á, mẹ́sàn-án pé. Ó fojú wá àléébù títí ó fi rí fánísì, ó ní ta ló ṣe èyí, mo ní Àáfà ni. Ó mi orí. Ó ní kí n máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Àáfà sọ fún mi pé àgbàlagbà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, ó wọ fìlà rélùwéè, ó ní òun fẹ́ mọ iye tí wọ́n fi tún Grundig ṣe àti ẹni tí ó san án. Àáfà kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣí ìwé síwájú rẹ̀. Ó ní Bàbá bọ́ ìgò ojú rẹ̀ nù, ó ka ojú òsì tán, ó sì pẹ́ ní ojú ọ̀tún ju bí ìlà mẹ́ta ṣe gbà lọ. Ó fi ìka lé ọjọ́ tí mo dá, ó fi lé ọjọ́ tí mo mú owó wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè bóyá èmi ni mo ni ìbuwọ́lùwé náà. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó ra dùńdún ₦500, ó sì lọ. Kò sọ ọ́ fún mi títí di òní, èmi náà kò sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo tún dé Màpó, ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi, ó sì béèrè iye ojú ìwé tí mo lè tẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ṣọ́ọ̀bù náà máa ń ṣí láti aago mẹ́sàn-án, kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ títí wọn yóò fi kírun tán. Ẹ mú owó lọ́wọ́, kò fẹ́ràn tiransífà. Bí kò bá sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí nǹkan náà fi tún bàjẹ́, kì í gba owó iṣẹ́, owó ohun tí ó bá rà nìkan ni yóò gbà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi.

Ní Sátidé tí ó kọjá, Bàbá sọ àpótí kan kalẹ̀ láti orí àjà, tí eruku bò. Asọ̀rọ̀mágbèsì bàbá tirẹ̀ ni, Rediffusion, pẹ̀lú bọ́tìnnì ẹyọ kan ṣoṣo lójú rẹ̀. A jọ gbé e lọ sí Òkè-Àdó nínú Máíkírà, ó jókòó níwájú, mo gbé àpótí lé itan mi lẹ́yìn. Àáfà tú u, ó sì sọ òtítọ́ bí ó ti máa ń ṣe: sípíkà lásán ni ó wà nínú rẹ̀, wáyà tí ń gbé ọ̀rọ̀ wá bá a ti kúrò ní ìlú yìí tipẹ́tipẹ́, kò sí ohun tí a lè tún ṣe tí yóò mú un sọ̀rọ̀ bí ti àtijọ́. Òun lè fi rédíò kékeré sí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá dákẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí àpótí náà, ó yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?”

Mo ní kí ó jẹ́ kí Àáfà kọ́kọ́ kọ iye tí yóò jẹ́ sórí ìwé.